RFA Tidespring (A75): ẹ bá mi to ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, láti 1963 títí di ìgbà tí wọ́n tú u palẹ̀

Atọ́pinpin_Òkun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Mo ń to ìtàn iṣẹ́ RFA Tidespring (RFA ni Royal Fleet Auxiliary, ẹgbẹ́ ọkọ̀ tó ń pèsè nǹkan fún ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì), ọkọ̀ agbépo tó máa ń fún àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lépo lójú agbami. Mo fẹ́ kó jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ á kà tí kò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi mẹ́ta ló ti há mi lọ́fun.

Àkọ́kọ́, ọdún kò bára mu. Àkójọ kan ní 1963 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òmíràn ní 2017 ni. Tidesurge àti Tiderace tí wọ́n máa ń dárúkọ mọ́ ọn wà nínú ìwé 1955, wọ́n sì tún wà lójú omi lónìí.

Èkejì, ní oṣù Kẹrin 1982, nígbà ogun Falklands láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà, òun ló gbé àwọn ṣọ́jà Kọ́ńpìnnì M ti 42 Commando, ọmọ ogun Royal Marines, lọ sí South Georgia, erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì tí Ajẹntínà ti gbà. Kí ló dé tí wọ́n fi kó ṣọ́jà sínú ọkọ̀ epo? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n gba erékùṣù náà gan-an, Tidespring àti àwọn ṣọ́jà inú rẹ̀ wà ní nǹkan bíi máìlì 200 sí ibẹ̀?

Ẹ̀kẹta, báwo ni ọkọ̀ méjì tí kò dúró ṣe ń gba epo lọ́wọ́ ara wọn? Àwọn ìwé tí mo rí kàn ń kọ ọ́ pé "ó fún un lépo", wọ́n á sì kọjá lọ. Kí ló máa ń kọ́kọ́ ré kọjá láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì? Kí ló tẹ̀ lé e? Kí ló sì máa ń bàjẹ́?

Ìyá_Àkójọ:

Orúkọ ló ń dà yín láàmú. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n kùn sí ara ọkọ̀ ni kí ẹ máa tọ̀.

A75 ni tiyín. Hawthorn Leslie ló kàn án ní Hebburn, létí odò Tyne. Wọ́n sọ ọ́ sómi ní oṣù Karùn-ún 1962, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 1963. Ìkejì rẹ̀ ni Tidepool, A76, ibi kan náà ni wọ́n ti kàn án, 1963 kan náà ló sì wọṣẹ́. Tidespring ti 2017, A136 ni. Daewoo ló kàn án ní Okpo, ní Gúúsù Kòríà, òun ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin: òun, Tiderace A137, Tidesurge A138, àti Tideforce A139. Kò sí nǹkan tó pa A75 àti A136 pọ̀ ju orúkọ lọ.

Ti 1955 ló le jù. Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní Tide: Tide Austral, Tiderange, Tiderace, Tidereach. Ẹ pe mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn léra lórí rédíò tó ń han, kí ẹ wá sọ fún mi èwo ni ẹ pè. Ní 1958 ni wọ́n yí méjì padà: Tiderange di Tidesurge, Tiderace di Tideflow. Torí náà, bí ìwé 1957 bá sọ pé Tiderace ṣe nǹkan kan, abẹ́ Tideflow ni ẹ ó ti rí ìyókù ìtàn ọkọ̀ náà. Tide Austral ní tirẹ̀, Ọsirélíà ló ni ín, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rówó àti òṣìṣẹ́ tí wọn yóò fi lò ó. Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó lọ títí di 1962, kí wọ́n tó gbà á tó fi di HMAS Supply.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń to ìtàn máa ń gbójú fò. RFA kì í ṣe ọmọ ogun ojú omi. Láti 1905 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìṣòwò ló ń tu àwọn ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ àṣẹ ìjọba. Àsíá búlúù tó ní ìdákọ̀ró ni wọ́n ń ta, kì í ṣe àsíá funfun ti ọkọ̀ ogun. HMS, orúkọ ọkọ̀ ogun nìyẹn; bí ẹ bá kọ "HMS Tidespring" níbì kankan, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n á pa ìwé yín dé.

Bàbá_Ẹ́ńjìnnì:

Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi irú ọkọ̀ tó jẹ́ kún un, torí láìmọ ìyẹn, ìtàn 1982 kò ní yé yín.

Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 583, fífẹ̀ rẹ̀ 71. Bó bá kún, ẹsẹ̀ bàtà 32 ló ń rì sómi, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 27,400 tọ́ọ̀nù. Bọ́ílà ń se omi, oru rẹ̀ ń yí tọ́báìnì, agbára ẹṣin 15,000 ń lọ sórí abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ń sá tó nọ́ọ̀tì 18, ìyẹn máìlì òkun 18 ní wákàtí kan, ó tún lé díẹ̀. Ọkọ̀ epo tàwọn oníṣòwò ayé ìgbà yẹn kò yára tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní láti yára. Ẹni tó ń bá ọkọ̀ ogun agbébàálù rìn kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá fà sẹ́yìn ni gbogbo ẹgbẹ́ á dúró dè.

Ní ìdí rẹ̀, ó ní pápá hẹlikópítà àti ilé tí hẹlikópítà Wessex mélòó kan lè wọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ ó padà lò ó.

Ẹrù rẹ̀ kì í ṣe epo kan. Ní àwọn ọdún 1960, epo dúdú fún bọ́ílà ọkọ̀ ogun ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà dísù, epo bàálù, epo ẹ́ńjìnnì, àti omi mímu. Epo kọ̀ọ̀kan ní táǹkì rẹ̀, ó ní páìpù rẹ̀, ó ní pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀. Epo dúdú máa ń dì nínú òtútù, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gba oru gbígbóná kọjá nínú páìpù tó wà nísàlẹ̀ táǹkì kó tó lè ṣàn. Epo bàálù ló nira jù, ẹ̀kán omi díẹ̀ nínú rẹ̀ lè pa ẹ́ńjìnnì hẹlikópítà lókè. Wọ́n á bù ú sínú ìgò tó mọ́ gaara kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, wọ́n á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣú tàbí tí nǹkan bá sùn sísàlẹ̀, kò ní lọ.

Bí epo bá sì ṣe ń jáde, ọkọ̀ ń fúyẹ́, ó ń ga sókè, afẹ́fẹ́ ń rí ara rẹ̀ gbá. Wọ́n ní láti fa omi òkun sínú àwọn táǹkì kan kó lè padà wúwo. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé: fáàfù kan tí wọn ò tì dáadáa, omi iyọ̀ á dé inú epo. Bẹ́ẹ̀ náà ni táǹkì tó kún dé ìdajì ṣe léwu, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bí ọkọ̀ bá ń yí, á sì máa dá kún yíyí náà. Kí ọ̀gá ẹ̀rọ kún táǹkì kan tán pátápátá, kó sì gbẹ òmíràn tán pátápátá, ó sàn ju kí ó fi mẹ́rin sílẹ̀ ní ìdajì lọ.

Bí ẹ bá rí "Beira" nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ RFA kankan láàárín 1966 sí 1975, ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ọkọ̀ agbépo ló ń ṣọ́ òkun. Àwọn ọkọ̀ ogun ló ń dí ọ̀nà epo tó ń gba Beira, ní Mòsáńbíìkì, lọ sí Rhodesia (Zimbabwe òde òní). Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì 76 ló pààrọ̀ ara wọn níbẹ̀. Wọn ò lè wọ Beira lọ ra epo lọ́wọ́ Pọ́túgà. Ẹni tó mú kí wọ́n lè pẹ́ lójú omi ni agbépo.

Olókùn_Wáyà:

Ìbéèrè kẹta ni tèmi. Ẹ jókòó dáadáa.

Ọkọ̀ agbépo kì í sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ló ń ṣe atọ́nà: ó di ọ̀nà kan mú, ó di eré kan mú, nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 12, kò sì gbọdọ̀ yà. Ẹni tó fẹ́ gba epo ló ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Bí agbépo bá ti di ọ̀nà mú, tó sì ń múra sílẹ̀, ó ta àsíá Romeo (àsíá lẹ́tà R) dé ìdajì òpó. Bó bá ti ṣe tán láti gba àlejò, ó fà á dókè. Ẹni tó ń bọ̀ náà á fa tirẹ̀ dókè bó bá ti gbéra. Wọ́n máa sọ̀ ọ́ nígbà tí okùn àkọ́kọ́ bá ti wọ ọwọ́.

Okùn àkọ́kọ́ yẹn, ìbọn ni wọ́n fi ń yìn ín. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tòdì kejì á sá pamọ́, wọ́n á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn ti ṣe tán. Ìgbà yẹn ló tó yìn ín. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló ń fa okùn tó nípọn jù ú lọ, ìyẹn á fa èyí tó tún nípọn, títí wáyà irin á fi dé. Okùn tẹlifóònù àti okùn ìwọ̀n náà bá a kọjá.

Okùn ìwọ̀n ni ọ̀gákọ̀ ń wò jù. Àsíá kéékèèké wà lára rẹ̀ ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 20: àwọ̀ ewé ní òdo, pupa ní 20, ìyeyè ní 40, búlúù ní 60, funfun ní 80, àwọ̀ ewé tún padà ní 100, á sì bẹ̀rẹ̀ láti pupa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnì kan dúró létí ọkọ̀ tó ń fà á kó má dẹ̀. Okùn tó dẹ̀ ń purọ́: ó ń sọ pé ọkọ̀ jìnnà ju bó ṣe jìnnà lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 80 sí 180 ni àyè tí wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀.

Wáyà irin ló ń gbé họ́ọ̀sì. Ìpẹ̀kun rẹ̀ kan wà lórí ìkọ́ nínú ọkọ̀ tó ń gba epo, ìkọ́ tí òòlù kan lè ṣí lójú ẹsẹ̀. Ìpẹ̀kun kejì wà lórí wíǹṣì agbépo, ẹ̀rọ náà sì ń dẹ̀ ẹ́, ó ń fà á, bí ọkọ̀ méjèèjì ṣe ń yí. Họ́ọ̀sì gbé ara lé àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń yí lórí wáyà. Orí rẹ̀ jẹ́ irin ṣóńṣó tó ń wọnú ẹnu kan tó rí bí agogo. Bó bá wọlé tó sì há, àmì kan lára ẹnu yẹn á gbéra. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ní "ó ti wọlé" torí ó gbọ́ ariwo irin. Àmì yẹn ni kó wò.

Ìgbà náà ni àsíá Bravo (àsíá lẹ́tà B) máa lọ sókè, pọ́ọ̀ǹpù á sì bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Wọn kì í fi gbogbo agbára sí i títí tí ọkọ̀ kejì á fi sọ lórí tẹlifóònù pé epo ń wọ táǹkì. Bí fáàfù bá wà ní títì níwájú, tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì lẹ́yìn, họ́ọ̀sì ló máa bẹ́, gbogbo dẹ́ẹ̀kì á sì di epo.

Bí wọ́n bá ń parí lọ, ẹni tó gba epo á ta àsíá Prep (àsíá ìmúrasílẹ̀) dé ìdajì ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Wọ́n á dá pọ́ọ̀ǹpù dúró, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ìyókù epo kúrò nínú họ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú orí rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú tú u kó tó fẹ́ ẹ, òkun ló ń bu epo fún. Họ́ọ̀sì padà ṣáájú, wáyà tẹ̀ lé e, okùn ìwọ̀n àti tẹlifóònù ló ń kẹ́yìn.

Nǹkan tó máa ń bàjẹ́ jù ni ìtọ́kọ̀. Omi tó há sáàárín ọkọ̀ méjì ń sáré ju omi ìta lọ, ibi tí omi bá sì ti ń sáré, agbára tó fi ń ti nǹkan ń dín kù níbẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì á máa fẹ́ fà mọ́ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹni tó di ìtọ́kọ̀ mú ní ìwọ̀n kan-kan. Bí ìtọ́kọ̀ bá há, tàbí ẹ́ńjìnnì kú, fèrè kúkúrú léraléra ni, gbogbo ẹni tó wà nídìí pọ́ọ̀ǹpù á pa á, wọ́n á ṣí ìkọ́, wọ́n á jẹ́ kí wáyà lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró síbi tí wáyà lè na padà sí. Wáyà tó já ń gé ènìyàn sí méjì.

Atọ́pinpin_Òkun:

Ọ̀gá, ẹ ṣé gan-an. Kí ló dé tí wọn ò fi dúró kí wọ́n tó gbà á? Bí òkun bá sì ru jù ńkọ́?

Olókùn_Wáyà:

Ọkọ̀ tó dúró kò ní ìtọ́kọ̀, torí omi tó ń ṣàn lára ìtọ́kọ̀ ló ń fún un lágbára. Ìgbì á yí i títí yóò fi kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, méjèèjì á sì kọlu ara wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí ohun tí ọkọ̀ abẹ́ omi fẹ́ràn tó ọkọ̀ méjì tó dúró sójú kan.

Bí òkun bá ru, ọ̀nà kejì wà: agbépo á jẹ́ kí họ́ọ̀sì kan léfòó lẹ́yìn ìdí rẹ̀, ọkọ̀ kejì á tẹ̀ lé e, á fi ìkọ́ gbé orí họ́ọ̀sì wọlé láti imú tirẹ̀. Kò sí ìfàmọ́ra nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n họ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni, kò yára. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣe fún àwọn ọkọ̀ epo BP tí ìjọba gbà lò ní 1982, àwọn bíi British Esk, torí kò gba ẹ̀rọ tó pọ̀ lára ọkọ̀ tí wọn ò kàn fún iṣẹ́ ogun.

Ìyá_Àkójọ:

Ẹ jẹ́ ká wá sí South Georgia.

Àwọn ọkọ̀ ogun Antrim àti Plymouth pẹ̀lú Tidespring ló kúrò ní Ascension, erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì ní agbami Àtìláńtíìkì, ní oṣù Kẹrin, wọ́n lọ pàdé Endurance, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn. Kọ́ńpìnnì M wà nínú Tidespring torí kò sí ibòmíràn tó lè gbà wọ́n. Ọkọ̀ ogun kún fọ́fọ́, ọkọ̀ agbépo ní àyè, ó sì ní pápá hẹlikópítà tí bàbá sọ. Wessex 5 méjì ti 845 Squadron wà níbẹ̀. Àwọn ló yẹ kó gbé ṣọ́jà náà gúnlẹ̀.

Ní 21 oṣù Kẹrin, wọ́n gbé àwọn SAS, ọmọ ogun àkànṣe Gẹ̀ẹ́sì, sórí pápá yìnyín Fortuna ní South Georgia. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn lóru títí wọ́n fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá kó àwọn. Ní ọjọ́ kejì, àwọn Wessex 5 méjèèjì já lulẹ̀ nínú yìnyín tó bo ojú ọ̀run àti ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn ò ní rédà tí wọ́n lè fi mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Wessex 3 ti Antrim ní i, òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lieutenant-Commander Ian Stanley, tó ń wa Wessex 3 yẹn, ló padà lọ, tó kó gbogbo àwọn tó kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹrù tó ju èyí tí hẹlikópítà náà yẹ kó gbé lọ. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ o: méjì tó sọ nù ni ti Tidespring, èyí tó padà ni ti Antrim. Ó ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yeovilton.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Tidespring pàdánù ohun tí ì bá fi gbé ṣọ́jà rẹ̀ gúnlẹ̀. Ní 23, ìròyìn dé pé ọkọ̀ abẹ́ omi Ajẹntínà ń bọ̀. Ẹ rò ó: ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní epo fún gbogbo ẹgbẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń retí epo láti ọ̀dọ̀ Brambleleaf, ọkọ̀ agbépo RFA mìíràn, tó ti Òkun Íńdíà yípo Cape, ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, wá. Bí wọ́n bá rì í, Antrim àti Plymouth kò ní rí epo padà sílé. Wọ́n rán an jìnnà sí ibẹ̀, Kọ́ńpìnnì M sì bá a lọ.

Ní àárọ̀ 25, wọ́n rí Santa Fe, ọkọ̀ abẹ́ omi Ajẹntínà náà, lójú omi, àwọn hẹlikópítà kọlù ú, ó sì wọ́ ara rẹ̀ dé King Edward Point, lẹ́bàá Grytviken ní South Georgia. Wọn ò lè dúró de ẹni tó wà ní máìlì 200. Ṣọ́jà bíi 75 tó wà nínú àwọn ọkọ̀ ogun ni wọ́n kó jọ, tí ìbọn ńlá Antrim àti Plymouth sì ń ràn lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Grytviken juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Leith, ibùdó mìíràn ní erékùṣù náà, ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó kàn án fún dé sórí rẹ̀: òǹdè tó sún mọ́ 190, tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tú irin àlòkù ní Leith wà lára wọn. Òfin Geneva ní orí ilẹ̀ ni kí òǹdè ogun máa gbé, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ tó yẹ níbẹ̀. Tidespring gbé wọn lọ sí Ascension, ìdajì oṣù Karùn-ún ni wọ́n débẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn padà sílé gba Montevideo. Ẹ kọ ọ́ sínú ìtàn yín pé ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ó ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ mìíràn ló ń fún àwọn ọkọ̀ ogun lépo.

Bàbá_Ẹ́ńjìnnì:

Tidepool ni kí ẹ fi parí rẹ̀, torí orí rẹ̀ tún yàtọ̀. Lẹ́yìn àtúntò ètò ààbò 1981, wọ́n ti tà á fún Ṣílè. Ó ti gba Panama kọjá sínú Òkun Pàsífíìkì nígbà tí ogun dé. Ṣílè gbà kí Gẹ̀ẹ́sì yá a, ó yí padà, ó sì bá àwọn ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sí San Carlos, ní Falklands, ní 21 oṣù Karùn-ún lọ. Oṣù Kẹjọ ni Ṣílè tó rí i gbà, wọ́n sọ ọ́ ní Almirante Jorge Montt. Ẹ ṣọ́ra síbẹ̀ náà: Almirante Montt ti 2010 kì í ṣe òun. USNS Andrew J. Higgins ti Amẹ́ríkà nìyẹn tẹ́lẹ̀.

Tidespring ní tirẹ̀, àtúntò kan náà ni ì bá gbà á kúrò níṣẹ́, ogun ló fún un ní ọdún kún ọdún. Ó ṣiṣẹ́ títí di 1991. Ní 1992 wọ́n gbé e lọ sí Alang, ní Íńdíà, wọ́n tú u palẹ̀. Nínú àkójọ yín, ẹ fi ọdún méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan á kọ 1992 sí ibi tó yẹ kó jẹ́ 1991, torí ọjọ́ tí wọ́n tú u ni wọ́n ń kà.

Atọ́pinpin_Òkun:

Mo ti ń tún un kọ. A75 ni mo fi ṣe orí ìwé, mo sì ti yọ HMS tí mo kọ sí ìlà kejì kúrò kí màmá tó rí i.